Ìtàn Ọkọ̀ Ẹ̀fọ́rí Nínú Yàrá Ìfọṣọ

Ọkọ Adúmáadán ló kọ́kọ́ mọ àwọn èrò inú ọkọ̀ Ẹ̀fọ́rí, òun ló sì mú wọn wọlé wá bá ìyàwó rẹ̀.

Awakọ̀ tírélà ni. Bó bá ti gbẹ́rù kúrò nílé, ó di ọ̀sẹ̀ méjì, ó di mẹ́ta, kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn. Orin ti sú u lójú ọ̀nà, ìròyìn orí rédíò ń bà á nínú jẹ́, oorun sì fẹ́ máa gbé e lọ nídìí ọkọ̀. Ni awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bá fi ìwé àtẹ́tígbọ́ kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ìwé náà gùn bí ọ̀nà tí wọ́n ń rìn, apá lórí apá, ọkùnrin olóhùn jíjinlẹ̀ kan ló sì ń kà á bí ẹni tó jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀. Nígbà tó délé, ó ki ẹyọ wáyà etí kan bọ ìyàwó rẹ̀ létí níbi tó ti ń gé àlùbọ́sà.

"Gbọ́ ná," ó ní.

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́?"

"Ṣáà gbọ́."

Adúmáadán gbọ́. Ọbẹ̀ ọjọ́ náà jóná, ìyá ọkọ rẹ̀ sì wí i títí ẹnu fi ro ó.

Ìtàn àwọn ẹni kan tó ń fi ọkọ̀ àlòkù kiri àárín àwọn ìràwọ̀ ni. Ẹ̀fọ́rí ni wọ́n sọ ọkọ̀ náà, nítorí kò sí ẹni tó rà á rí tí orí ò fọ́. Balógun ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti lé e kúrò nínú iṣẹ́ ológun tipẹ́, torí wọ́n ní kó yìnbọn sí ìlú kan, ó lóun ò yìn. Oníṣègùn ọkọ̀ náà ò lè wo ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti rí i báyìí, ó dákú nìyẹn. Alásè wọn ò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà. Ọmọ-irin kan tún wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, tó jẹ́ pé irọ́ ló máa ń pa ṣáá, tó sì máa ń tọrọ àforíjì lẹ́yìn irọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́rọ wọn ni Kúkúté, ọkùnrin kúkúrú kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jẹ́ irin. Ẹ̀rù òkùnkùn ń bà á, bẹ́ẹ̀ inú òkùnkùn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Kò sí ìlú tó fẹ́ gba èyíkéyìí nínú wọn mọ́. Ohun tó so wọ́n pọ̀ nìyẹn.

Kúkúté ni Adúmáadán fẹ́ràn jù. Tẹ́ ẹ bá bi í léèrè ìdí, á ní òun ò mọ̀.

Òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe àdéhùn kan: ẹnì kan ò gbọdọ̀ ṣíwájú ẹnì kejì nínú ìwé náà. Apá tí wọ́n bá jọ wà ni wọ́n jọ máa parí, wọ́n á sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́.

"Níbo lo dé?"

"Ibi tí Oníṣègùn ti dákú."

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Èyí tó ṣubú lu Alásè."

"Háà, ọ̀nà rẹ ṣì jìn. Yára o, ẹnu ń yún mi."

"Má sọ nǹkan kan o! Bó o bá sọ ọ́, mi ò ní gbé fóònù rẹ mọ́."

Lọ́jọ́ kan Adúmáadán pariwo lórí fóònù pé, "Wọ́n ti mú Balógun!" Ìyá ọkọ rẹ̀ tó wà ní pálọ̀ káwọ́ lérí. "Ta ni Balógun? Ṣé ẹbí wa ni? Kí ló ṣe fún wọn?" Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó ní kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ ẹni tí ò sí láyé da òun láàmú mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí Adúmáadán tó fọ ẹnu, màmá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. "Obìnrin tí wọ́n mú yẹn, wọ́n ti fi í sílẹ̀?"

Ká sọ tòótọ́, bí kì í bá ṣe ti ọkọ̀ Ẹ̀fọ́rí ni, tọkọtaya náà ì bá máà ní ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ ju "Ṣé o ti jẹun?" àti "Màmá ńkọ́?" lọ.

Iṣẹ́ ìfọṣọ ni Adúmáadán ń ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Ẹnu ọ̀nà onígíláàsì tí wọ́n to òdòdó sí ni àwọn àlejò ń gbà wọlé. Àwọn afọṣọ ń gba ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn agolo ìdọ̀tí, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tóóró kan títí wọ́n fi máa dé abẹ́ ilẹ̀. Yàrá náà ò ní fèrèsé. Tó o bá wọ ibẹ̀ láàárọ̀, o ò ní mọ̀ bóyá òjò rọ̀ tàbí oòrùn ràn títí wà á fi jáde. Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ tò sápá kan, wọ́n ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Ẹ̀rọ ìlọṣọ wà láàárín, igi irin gbọọrọ gbígbóná méjì tó ń yí lura wọn, tí wọ́n ń ki aṣọ ibùsùn bọ̀ láti iwájú tó ń jáde lẹ́yìn ní pẹrẹsẹ. Àwọn páìpù oru omi sì gba orí wọn kọjá, ọ̀kan ń kán tó, ọ̀kan ń súfèé.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń wà níbẹ̀. Adúmáadán ló ń ki aṣọ bọ ẹ̀rọ ìlọṣọ. Màmá Àgbà, tó dàgbà jù láàárín wọn, tí àyà sì máa ń há nígbà míì, ló ń gbà á lẹ́yìn tó ń ká a. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló wà nídìí àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ yìí tóbi tó obìnrin méjì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó máa bú òun mọ́ tóun bá ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ara òun.

Àtijọ́, wáyà etí ni Adúmáadán máa ń kì bọ etí kan tó bá ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ń ki aṣọ, etí ń bẹ lójú ọ̀run. Ọ̀gá wọn, tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáámù, ló fòpin sí i. Táwẹ̀lì kọ́kọ́ ń dín kù. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń kó o. Ni Màdáámù bá mú àṣẹ tuntun wá: kí wọ́n máa fi fóònù wọn sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì òun lókè kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, àti pé òun á máa ti ilẹ̀kùn irin yàrá ìfọṣọ láti ìta, á sì máa ṣí i nígbà oúnjẹ àti nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

"Màdáámù, tá a bá fẹ́ tọ̀ ńkọ́?" Pẹ́lẹ́ńgẹ́ béèrè.

"Ilé ìtọ̀ wà nínú ibẹ̀."

"Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́, mà?" Màmá Àgbà ló sọ ìyẹn.

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Aṣọ lẹ̀ ń fọ̀."

Kọ́kọ́rọ́ náà ń ró lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ. Wọ́n gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe dún gbàà. Látọjọ́ náà, ohun tó kọ́kọ́ máa ń dún sí Adúmáadán létí tó bá jí ni gbàà yẹn. Á dúró létí bẹ́ẹ̀dì, á máa ro bóun á ṣe sọ pé ara òun ò yá. Lẹ́yìn náà á wẹ̀, á lọ.

Yàrá ọ̀hún wá ṣòro. Ooru kan náà ni, ariwo kan náà ni, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ògiri ń sún mọ́ wọn. Adúmáadán bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀kùn. Á ki aṣọ bọ̀, á wo ilẹ̀kùn, á ki òmíràn, á tún wò ó. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìgbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kan, ó kàn bú jáde:

"Ẹnì kan ò tiẹ̀ ní sọ̀rọ̀ ni? Adúmáadán, kí lò ń gbọ́ létí nígbà yẹn tó o fi máa ń dá rẹ́rìn-ín bíi wèrè?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Adúmáadán rò pé òun á sọ díẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè fi í sílẹ̀. Ó ní ọkọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Ẹ̀fọ́rí. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Ọkọ̀ ojú omi?" Ó ní rárá, ọkọ̀ ojú ọ̀run. Màmá Àgbà ní kí ni wọ́n ń wá lójú ọ̀run. Ó ní wọn ò rí ibòmíì gbé ni. Màmá Àgbà gbọnrí, ó ní ó yé òun.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi di èrò ọkọ̀ náà. Adúmáadán ò ní ohùn jíjinlẹ̀ bíi ti òǹkàwé, ṣùgbọ́n ó mọ bí Alásè ṣe ń kùn, ó mọ bí Ọmọ-irin ṣe ń tọrọ àforíjì: "Irọ́ ni mo pa, ẹ má bínú, mo tún fẹ́ pa òmíràn." Àwọn ẹ̀rọ ń pariwo, nítorí náà igbe ló fi ń sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ kíyè sí i pé bóun bá ti ń sọ ọ́, òun kì í wo ilẹ̀kùn. Lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ló máa ń gbọ́ tirẹ̀, tó bá sì débẹ̀, á pín in fún wọn. Tí Màdáámù bá ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án pé ó ti tó àkókò oúnjẹ, Màmá Àgbà á ní, "Ẹ dúró ná, mà, wọ́n fẹ́ yìnbọn."

Ó wá di ọjọ́ tí apá kẹfà parí. Ọkọ̀ Ẹ̀fọ́rí dákú sójú ọ̀run, gbogbo iná rẹ̀ kú. Kúkúté wọ ìdí ẹ̀rọ lọ láti tún un ṣe, nínú òkùnkùn biribiri, ni ilẹ̀kùn bá padé mọ́ ọn, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Ibẹ̀ gan-an ni òǹkàwé ti ní apá kẹfà parí o.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?" Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti dá ẹ̀rọ kan dúró kó lè gbọ́ dáadáa.

"Mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀ báwo? Wọn ò ṣe apá keje ni?"

"Ó wà lórí fóònù mi. Ṣùgbọ́n èmi àti ọkọ mi ṣe àdéhùn, a ò ní ṣíwájú ara wa. Ó ti wọ àárín òkè lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí níbẹ̀. Tó bá jáde, a jọ máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Màmá Àgbà pòṣé. "Nítorí ọkùnrin tó wà lórí òkè, ẹ fẹ́ kí ọkùnrin tó wà nínú òkùnkùn kú."

Wọ́n bá a ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n bẹ̀ ẹ́, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tiẹ̀ bínú sí i díẹ̀. Kò yẹsẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n jẹun ọ̀sán tán, tí Màdáámù ti tún tìlẹ̀kùn tó bá tirẹ̀ lọ, ni páìpù tó máa ń súfèé lókè orí wọn dákẹ́. Adúmáadán gbójú sókè. Kó tó lanu, páìpù náà bẹ́.

Oru omi funfun tú jáde pẹ̀lú ariwo tó borí gbogbo ẹ̀rọ. Ó bo àjà, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó sún mọ́ ọn jù lọgun, ó di apá rẹ̀ mú. Iná mànàmáná dún pàá, ó kú. Òkùnkùn dé, ṣùgbọ́n oru náà ò dúró. Wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń gbóòórùn aṣọ tútù àti irin gbígbóná. Adúmáadán nawọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan èjìká Màmá Àgbà. "Ẹ bẹ̀rẹ̀! Ẹ máa rákò!"

Ilẹ̀kùn irin ni wọ́n kọ́kọ́ rá lọ. Wọ́n gbá a, wọ́n tì í, wọ́n pe Màdáámù, wọ́n pe Ọlọ́run, wọ́n pe ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Fóònù wọn wà nínú dúrọ́ọ̀ lókè. Ooru ń tẹ̀ wọ́n láti ẹ̀yìn, ìyẹn ni wọ́n fi rá padà gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ọṣẹ sí, wọ́n tìlẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì fi táwẹ̀lì tútù di abẹ́ rẹ̀. Àyè ibẹ̀ ò ju kí ènìyàn mẹ́ta jókòó kí orúnkún wọn kanra lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wúwo, ọṣẹ ń ta wọ́n nímú.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń sunkún lórí apá rẹ̀. Adúmáadán ò lè sunkún. Ọkàn rẹ̀ ń lù débi pé ó rò pé ó máa jáde. Ó ń fọwọ́ wá ògiri kiri bí ẹni pé ihò kan máa wà níbẹ̀ tẹ́nì kan ò rí rí, ó sì ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Mo fẹ́ jáde, mo fẹ́ jáde, mo fẹ́ jáde." Lẹ́yìn náà ló gbọ́ èémí Màmá Àgbà. Ó kúrú, ó sì ń súfèé.

"Ẹ rọra mí, Màmá. Ẹ rọra."

"Tí mo bá ń gbọ́ èémí ara mi báyìí," Màmá Àgbà ní, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, "ẹ̀rù á pa mí. Sọ̀rọ̀. Bá ìtàn lọ."

"Màmá, mi ò mọ èyí tó kù."

"Nígbà náà, purọ́."

Adúmáadán ní Kúkúté wà nínú òkùnkùn. Màmá Àgbà fọwọ́ kàn án lórúnkún kó máa bá a lọ. Adúmáadán ní ẹ̀rù ba Kúkúté débi pé ó gbàgbé orúkọ àwọn irin iṣẹ́ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó di ojú rẹ̀, torí òkùnkùn ojú dídì sàn ju òkùnkùn ojú lílà lọ. Ni nǹkan bá kan ilẹ̀kùn láti òdì kejì. Ọmọ-irin ni.

"Kí ló sọ?" Ohùn Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìyẹn, láàárín ẹkún.

"Ó ní, 'Kúkúté, gbogbo wa ti pé síbí. Balógun wà níbí, Alásè wà níbí, àtùpà ńlá wà lọ́wọ́ wa, ilẹ̀kùn ti fẹ́ ṣí báyìí.' Bẹ́ẹ̀ irọ́ ni. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí àtùpà. Ilẹ̀kùn ò fẹ́ ṣí."

"Ṣé ó tọrọ àforíjì?"

"Rárá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò tọrọ àforíjì."

Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà rọlẹ̀. Adúmáadán ń bá a lọ. Kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wá. Ó ní nítorí irọ́ yẹn, Kúkúté dìde. Ó fọwọ́ tọ ilẹ̀kùn náà látòkè délẹ̀, ó rí àlàfo tíńtín kan létí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí irin kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tó gùn tó. Ló bá jókòó, ó tú ẹsẹ̀ irin rẹ̀...

"Ẹsẹ̀ irin!" Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní. Ó ti ń fọwọ́ wá nǹkan kiri. "Pẹpẹ ọṣẹ yìí! Irin lẹsẹ̀ rẹ̀!"

Wọ́n da àwọn ike ọṣẹ sílẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ tó dá ṣáká di ẹsẹ̀ pẹpẹ náà mú, Adúmáadán tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n fà á títí ìdè rẹ̀ fi já. Kò lè ṣí ilẹ̀kùn kankan, ṣùgbọ́n páìpù omi kan gba igun yàrá náà lọ sókè, sí ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ ní ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì. Adúmáadán bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Tó bá rẹ̀ ẹ́, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ á gbà á. Gàn-ìn, gàn-ìn, gàn-ìn. Láàárín ìlù náà, Màmá Àgbà ní kí wọ́n máa sọ ìtàn lọ, ó ní Kúkúté ò tíì jáde.

Ọkùnrin kan tó ń gbé oúnjẹ fún àlejò ló gbọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé àwọn tó ń fọ abọ́ ló ń bá ara wọn ṣeré, lẹ́yìn náà ló rántí pé kò sẹ́ni tó ń fọ abọ́ lákòókò náà. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó rí oru tó ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn irin, ó wá Màdáámù, wọ́n ní ó ti jáde lọ sáàárín ìlú, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú báàgì rẹ̀. Àáké ni wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn obìnrin náà dé ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn agolo ìdọ̀tí, òjò ń rọ̀. Adúmáadán dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n gbé òun wọlé.

Màmá Àgbà ló pẹ́ jù lọ́sípítù. Wọ́n di apá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ibẹ̀ ni máníjà òtẹ́ẹ̀lì wá bá wọn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ èso, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó kí wọn, ó bá wọn kẹ́dùn, ó wá sún mọ́ Adúmáadán.

"Àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín," ó ní. "Ilẹ̀kùn yẹn, ó há ni, àbí? Ooru ló mú un há."

Adúmáadán wo apẹ̀rẹ̀ èso náà. Ó ro ti iṣẹ́, ó ro ti ilé. "Kò há, sà. Wọ́n tì í ni."

"Rọra ro ó dáadáa."

"Mo ti rò ó, sà. Ibi tí mo ti rò ó, kò sí iná níbẹ̀."

Ohun tó sọ fún àwọn aláyẹ̀wò náà nìyẹn, ohun tí àwọn méjì yòókù sì sọ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màdáámù wá sílé Adúmáadán láìmú nǹkan kan dání. Ó jókòó sétí àga. Ó ní máníjà ló ní kí òun máa ti ilẹ̀kùn náà. Pé òun sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé kò dáa, ó sì ní bóun ò bá lè ṣe é, àwọn tó máa ṣe é pọ̀ níta. Ó ń sunkún. Adúmáadán bu omi fún un. Kò sọ fún un pé kò burú, torí ó burú, ṣùgbọ́n ó ní kó lọ sọ èyí tó sọ yìí fún àwọn aláyẹ̀wò. Ó sì lọ sọ ọ́. Wọ́n gbé máníjà kúrò. Wọ́n yọ àgádágodo ilẹ̀kùn náà dànù, wọ́n dá fóònù wọn padà, wọ́n ṣe páìpù tuntun. Fèrèsé nìkan ni wọn ò ṣe, wọ́n ní abẹ́ ilẹ̀ kì í ní fèrèsé.

Ṣùgbọ́n Adúmáadán ò lè wà níbi tí ilẹ̀kùn bá ti padé mọ́. Ṣíṣí sílẹ̀ ló máa ń fi ilẹ̀kùn balùwẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti yàrá. Ìyá ọkọ rẹ̀ ráhùn pé ẹ̀fọn á pa àwọn tán. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ wá òkúta kan, ó fi dá ilẹ̀kùn dúró, ó sì ní ẹ̀fọn tó bá fẹ́ jẹ òun kó máa bọ̀.

Ọkọ rẹ̀ ti òkè dé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì dì í mú. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wáyà kan létí ọkọ, wáyà kan létí ìyàwó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ apá keje. Adúmáadán di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Nínú ìwé náà, Kúkúté tún ẹ̀rọ ṣe tán, iná padà dé sínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún un, ó ti kú.

Adúmáadán yọ wáyà létí. Ó sunkún tí ara rẹ̀ fi ń gbọ̀n, ẹkún tí kò sun nínú yàrá ọṣẹ.

"Ìwé ni o," ọkọ rẹ̀ ń sọ. "Dúdú mi, ìwé ni."

"Mo ti gbà á sílẹ̀."

"Ta lo gbà sílẹ̀?"

Ó sọ fún un nípa irọ́ Ọmọ-irin àti ẹsẹ̀ irin. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ dé òpin. Ojú rẹ̀ fà díẹ̀. "O sọ ọ́ fún wọn," ó ní, "o ò dúró dè mí."

"Ibi tí mo wà yẹn kò ṣe é dúró dè ẹ́."

Ọkọ rẹ̀ tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni. Má bínú."

Màmá Àgbà padà síbi iṣẹ́ nígbà tí àyà rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Adúmáadán rọra dúró títí aṣọ àárọ̀ fi lọ sílẹ̀, ó wá sọ òótọ́ fún wọn: ìwé náà ní Kúkúté kú.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ọwọ́ tó ní àpá náà lé ẹnu. Màmá Àgbà ń ká aṣọ ibùsùn rẹ̀ lọ, etí pẹ̀lú etí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, ó gbé e lé orí àwọn yòókù.

"Wọ́n ṣì í kà ni," ó ní.

"Màmá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

"Wọ́n ṣì í kọ nígbà náà. Ṣé àwọn tó kọ ọ́ wà níbẹ̀? Àwa la wà níbẹ̀." Ó nawọ́ gba aṣọ mìíràn. "Kúkúté jáde. Ó ti so ẹsẹ̀ rẹ̀ padà?"

Adúmáadán wo Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo Adúmáadán. Ẹ̀rọ ìlọṣọ ń yí, ooru rẹ̀ ń bọ̀ wá sójú wọn bíi ti àtẹ̀yìnwá.

"Ó ń so ó lọ́wọ́," Adúmáadán ní, ó ki aṣọ bọ̀. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ti tẹ̀ díẹ̀, kò fẹ́ wọlé mọ́."